Ọmọ Tí Ó Yára Mọ Ìṣirò Náà Ń Fẹ́ Olùkọ́

 

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó wà ní kọlẹ́ẹ̀jì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí à ń ṣe fún ọmọ tí ìṣirò kò yé. A máa ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ọmọ tí ó ti parí ìṣirò rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kọ déètì sí kàyé? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé, "Ọlọ́run ti fún un ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe nǹkan mìíràn." Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Èlùbọ́ àti gaàrí ni mo ń tà ní ọjà Bétérou. N kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ìwé, bíi tiyín. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ àgbẹ̀. Ó ń gbin iṣu, ó sì ní oko kájú. Ó ní ọmọbìnrin kan tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò. Nígbà tí ọmọ náà wà ní 4ème, olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yín lè ṣe C. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀ báyìí, yóò kàn máa dúró de àwọn yòókù títí iná rẹ̀ yóò fi kú. Ẹ wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ ọ ní ìṣirò lọ́tọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó bá gba CEP yóò wọ kọlẹ́ẹ̀jì. Kíláàsì àkọ́kọ́ ni 6ème. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 5ème, 4ème àti 3ème. Ní òpin 3ème ni wọ́n ń ṣe ìdánwò BEPC. Lẹ́yìn náà ni 2nde, 1ère àti Terminale, níbi tí BAC wà. Ní 2nde ni ọ̀nà ti pín. Ẹni tí ó yan A, èdè àti ìwé kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí ó yan D yóò kọ́ nípa ara ènìyàn, ẹranko àti ewéko, pẹ̀lú ìṣirò. Ẹni tí ó yan C, ìṣirò àti físíìsì ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń yan C kò pọ̀. Ìṣirò ibẹ̀ ń sáré, kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kí ni a wá fẹ́ fi C ṣe? Ẹ wo afárá tí ó wà lórí odò Ouémé níbí. Ẹni tí yóò ṣe afárá ní láti mọ bí omi ti ń ga tó nígbà òjò. Ó ní láti mọ bí ọkọ̀ ti wúwo tó, àti bí irin ti lè gbé e tó. Ìṣirò ni gbogbo rẹ̀. Bí ìṣirò náà bá ṣì, ènìyàn ni yóò bómi lọ.

Nígbà tí àbúrò mi délé, inú rẹ̀ kò dùn. Ó sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ó mọ ìlù ú lù, ṣé a tún ń sanwó onílù fún un ni? Ọmọ yìí ló ń gba ipò kìíní. Kí ni a fẹ́ ra fún un?"

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ wo Gààní ní Nikki, ẹṣin tí ó ń sáré níbẹ̀, ṣé oúnjẹ kan náà ni òun àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní ìdí tí ó fi ń kọ̀. Owó oṣù kan tó owó àpò gaàrí kan. Ọjọ́rú ní ọ̀sán àti òwúrọ̀ Sátidé ni ọmọ kì í lọ sí kíláàsì, ọjọ́ méjèèjì yìí sì ni ọmọ náà máa ń bá wọn ṣa kájú nígbà tí ó bá so. Ó tún sọ pé òun kò fẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa rìn lálẹ́ nítorí ìwé. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Òbí tí ó bá ń ro irú nǹkan báyìí kì í ṣe òbí burúkú.

Ibi tí a parí ọ̀rọ̀ sí nìyí. Èmi yóò san ìdajì owó náà. Kíkọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ọ̀sán gbangba, ní ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wọn. Nígbà kájú, ọmọ yóò lọ sí oko ní Sátidé, ṣùgbọ́n Ọjọ́rú jẹ́ ti ìwé.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a rí, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ogún ọmọ ni ó kó jọ sí abẹ́ ilé kan. Ó ń kọ ìbéèrè sí pátákó, ó ń kọ ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ń dà á kọ. Kàyé ọmọ wa mọ́ tónítóní. Kò sí ibi tí a fa igi sí, kò sí ibi tí ó ti gbìyànjú tí kò bọ́ sí i. Inú bàbá rẹ̀ dùn sí kàyé náà. Ṣùgbọ́n èmi ti mọ nọ́ńbà kà. Mo mú ìwé tí wọ́n fi dá ìdánwò kíláàsì padà fún un, mo wo máàkì. Ní oṣù kọkànlá, ó gba 15 lórí 20. Ní oṣù kìíní, ó gba 13. Ní oṣù kẹta, 11. Kàyé ń mọ́, máàkì ń wálẹ̀. Mo fi ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú àbúrò mi. Kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, a yọ ọmọ náà kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ohun tí ẹ ti kọ́. Déètì àti máàkì nìkan ni mo kà. Ó tó láti mọ̀ pé owó wa ń ṣòfò.

Olùkọ́ kejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ìṣirò. Ọmọ 5 péré ni ó gbà, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n sì ń jókòó sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ó fún wọn ní ìbéèrè láti inú ìṣirò 6ème àti 5ème. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ihò wà nínú ògiri kí òun tó kọ́ òkè rẹ̀.

Ó bi ọmọ wa pé, "1/2 àti 1/3, mélòó ni?" Ọmọ náà dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé 5/6. Ó gbà á. Olùkọ́ ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?" Ọmọ náà dákẹ́. Ó mọ bí a ti ń ṣe é, kò mọ ìdí rẹ̀. Olùkọ́ ní, "Fojú inú wo iṣu kan. Gé e sí ọ̀nà 6. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ègé mélòó?" Ó ní 3. "Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ńkọ́?" Ó ní 2. Ègé 3 àti ègé 2 jẹ́ ègé 5 nínú 6. Ojú ọmọ náà là. Olùkọ́ yìí sọ fún wa pé ọmọ tí ó ń sáré lórí ohun tí kò yé e, ibi tí yóò ṣubú ń bẹ níwájú. Ní 2nde C ni ó sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi lọ mú ọmọ rẹ̀ bọ̀. Wọn kò tíì parí, ó bá jókòó. Olùkọ́ ń bi àwọn ọmọ pé, "Àgbẹ̀ kan kọ ebè 10 ní ìbú oko, 10 ní gígùn. Ebè mélòó ni?" Wọ́n ní 100. Ó ní, "Ó fi 3 kún ìbú, ó fi 3 kún gígùn. Ó wá di 13 lọ́nà 13. Mélòó ni gbogbo rẹ̀?" Ọmọkùnrin kan yára dáhùn pé, "10 lọ́nà 10 jẹ́ 100. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. Ó jẹ́ 109."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló jí ebè mi?" Ó dìde, ó mú igi, ó fa oko náà sí ilẹ̀. Ó ní, "Oko àtijọ́ nìyí, 100. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìyí, 3 lọ́nà 10, 30. Ìsàlẹ̀ nìyí, 30 mìíràn. Igun tí ó kù nìyí, 9. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 169. Ebè 60 ni ọmọ yìí sọ nù!"

Olùkọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá kọ ohun kan náà sí pátákó ní ọ̀nà tiwọn: (a + b)² = a² + 2ab + b². Ó ní, "2ab yìí ni ebè 60 tí bàbá ń wá. Àwọn ọmọ máa ń gbàgbé rẹ̀ gan-an." Àbúrò mi kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rí. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tí ọmọ 4ème kò rí, nítorí ó ti kọ ebè. Ó ṣì ń kùn nípa owó lẹ́yìn ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń fi alùpùpù gbé ọmọ náà lọ.

Ẹ tún gbọ́ ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu. Olùkọ́ yìí máa ń fi èdè wa ṣàlàyé kí ó tó kọ ọ́ ní èdè Faransé. Ó ní èdè wa fúnra rẹ̀ kún fún ìṣirò. 45 ni a ń pè ní márùndínláàádọ́ta. Ìyẹn ni pé a yọ 5 kúrò nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ogún mẹ́ta tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. Àádọ́rùn-ún, ìyẹn 90, jẹ́ ogún márùn-ún tí a yọ 10 kúrò. Àwọn Faransé ń pe 90 ní "quatre-vingt-dix", ìyẹn ogún mẹ́rin àti 10. Àwọn náà ń ka ogún bíi tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn ń gun òkè lọ, àwa ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.

Kí ni ìwúlò rẹ̀? Ó ní kí wọ́n ṣe 99 lọ́nà 7 láìmú bíìkì. Ó ní, "99, kí ni a ń pè é nílé?" Wọ́n ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ní, "Ó dára. 7 lọ́nà 100 jẹ́ 700. Ọ̀kan ló dín nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ 7." Ó kù 693. Àwa ọlọ́jà ti ń ṣe èyí tipẹ́. Bí ẹnìkan bá ra nǹkan 8 tí a ń tà ní fránkì 95, a kì í wá bíìkì. 800, ẹ yọ 40, ó kù 760. Ní kọlẹ́ẹ̀jì wọ́n ń kọ ọ́ báyìí: 8(100 − 5) = 800 − 40. Ọmọ náà wá rí i pé ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ òun kì í ṣe ti àjèjì.

Àwọn kan lè sọ pé fífi èdè wa kọ́ ọmọ ní ìṣirò yóò fà á sẹ́yìn. Wọ́n ti dán an wò. Ní ọdún 1970, ní Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún 6, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò fà sẹ́yìn.

Ohun mìíràn tí mo rí ni pé olùkọ́ yìí kì í fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ púpọ̀. Bàbá ọmọ kan bínú. Ó ní, "Wákàtí méjì, ìbéèrè 3 péré! Ṣé owó mi nìyẹn?" Olùkọ́ dá a lóhùn pé àwọn ọmọ tí ìṣirò wọn yá jù ní gbogbo ayé máa ń pàdé lọ́dọọdún nínú ìdíje kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Romania ní ọdún 1959. Bénin náà ti rán ọmọ lọ síbẹ̀ rí. Ìbéèrè mélòó ni wọ́n ń fún wọn? Ìbéèrè 6 péré. 3 lọ́jọ́ kìíní, 3 lọ́jọ́ kejì, wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ tí ó ti mọ ìṣirò kan, bí o bá fún un ní 50 irú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni o ń dá lágara. Ìbéèrè kan tí ó le tí yóò mú un ronú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ló ń ṣe é láǹfààní.

Ǹjẹ́ ọ̀nà yìí ní òpin tó dára ní ilẹ̀ wa? Ó ní. Ní ọdún 1988, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ fún ìṣirò àti físíìsì, tí à ń pè ní IMSP. Jean-Pierre Ezin, ọmọ ilẹ̀ Bénin tí ó mọ ìṣirò gan-an, ló ṣíwájú nínú iṣẹ́ náà. Dangbo ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, ní apá Porto-Novo. Àwọn ọmọ láti ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn náà ń wá kàwé níbẹ̀. Odò Ouémé tí ó ń ṣàn kọjá lọ́dọ̀ wa ní Bétérou, òun náà ló ń ṣàn lọ sí agbègbè Dangbo. Bí omi bá lè débẹ̀, ọmọ wa náà lè débẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi gba BEPC rẹ̀. Ó wọ 2nde C ní Parakou, ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Máàkì àkọ́kọ́ tí ó gbà nínú ìṣirò níbẹ̀ jẹ́ 7 lórí 20. Ọmọ tí kò gba ìsàlẹ̀ 11 rí! Ó sunkún, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí D. Àwọn kan nínú ẹbí ní, "A ti sọ ọ́. C kì í ṣe ti obìnrin." Olùkọ́ rẹ̀ ti Bétérou ní kí ó mú ìwé ìdánwò náà wá nígbà ìsinmi. Wọ́n jókòó tì í, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ibi mẹ́ta ni ó ti ṣubú, ó sì mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ìdánwò tí ó tẹ̀ lé e, ó gba 10. Èyí tí ó tẹ̀ lé ìyẹn, 13. Ó wà ní 1ère C báyìí. BAC ṣì wà níwájú, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ D mọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Èkíní, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. 4ème dára ju Terminale lọ. Ẹni tí ó dúró di ọdún BAC, ìdánwò ni yóò há sórí, kì í ṣe ìṣirò ni yóò mọ̀.

Èkejì, ẹ ka iye ọmọ tí olùkọ́ kó jọ. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, kò ní í mọ bí ọmọ yín ti ń ronú. Bí owó bá wọ́n, ẹ jẹ́ kí ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún dá a jọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo kàyé. Kàyé tí ó dára ní ibi tí ọmọ ti fa igi sí, tí ó tún un ṣe. Kàyé tí kò ní àṣìṣe kankan, ẹ fura sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mú ìwé kan, ẹ máa kọ déètì àti máàkì sí i. Ẹ ti mọ bí a ti ń kọ ọ́. Bí máàkì bá ń wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀.

Ìkarùn-ún, bí ọmọ náà bá jẹ́ obìnrin, ẹ wá àkókò àti ibi tí ọkàn yín balẹ̀ sí, kí ẹ sì dín iṣẹ́ ilé rẹ̀ kù lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ tí ó dára kò ní í bínú bí ẹ bá wá jókòó wò ó.

Ẹ má sì sọ pé ẹ kò gbọ́ Faransé, nítorí náà kò kàn yín. Lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ náà. Ẹ ní kí ó mú ìṣirò kan wá, kí ó fi èdè wa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Nígbà tí ó bá parí, ẹ bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?" Bí ó bá lè dáhùn, ó ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ti rí ibi tí olùkọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀.